Ẹ̀wù Agbára àti Ẹ̀yìn Ìyá Ọlọ́mọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń gbé omi láti ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Ìkẹ́nnẹ́ wá sí ilé, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ń fa omi sínú táńkì tiwa ti bàjẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 6, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ti ń lọ tí mo sì ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ti bá àwọn ọmọ aládùúgbò wa wo sinimá Iron Man, ọkùnrin tí ó máa ń gbé ẹ̀wù irin wọ̀, tí yóò fò lọ sókè, tí yóò sì gbé ohun tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè gbé. Nígbà tí mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ tí mo sì fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó ní: "Màmá, bí mo bá dàgbà, n ó ra ẹ̀wù yẹn fún yín, kí omi má baà wúwo fún yín mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, ọ̀rọ̀ náà padà wá sí mi lọ́kàn. Ìdí kan wà tí mo fi máa ń fi ọwọ́ ti ìbàdí, ìdí náà kò sì ṣẹ̀yìn ọmọ yìí gan-an.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Nígbà tí mo bí i, ọ̀sẹ̀ 6 kò tíì pé tí mo ti rò pé ara mi ti padà bọ̀ sípò. Ìyá ọkọ mi ti wá bá wa wẹ ọmọ, wọ́n sì ti padà sí Ṣágámù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, omi tán nínú ilé, ọmọ sì ní láti wẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan wà nílẹ̀ tí ó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo tẹ̀ síwájú, mo na ọwọ́ sí i láti òkèèrè, mo fà á sókè, mo sì yí ara padà lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè gbé e kọjá àbáwọlé. Ohun kan já ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ibẹ̀ ni mo wó sí. Fún ọ̀sẹ̀ 3, n kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ tuntun tí mo bí. Ẹlòmíràn ni ó ń gbé e wá síbi ọmú. Oṣù púpọ̀ sì kọjá kí n tó lè fi ọ̀já pọ̀n ọ́n.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí! Mo mọ bí a ti ń to ilé ìdáná kí ẹsẹ̀ ìyàwó ilé má baà rìn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo mọ oúnjẹ tí ó yẹ aboyún àti èyí tí ó yẹ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n n kò fi ìmọ̀ náà wo ẹ̀yìn ara mi rí. Ohun tí ó sì dùn mí ju ìrora náà lọ ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ láti ẹnu àwọn kan: pé àwọn ìyá wa bí ọmọ mẹ́jọ, wọ́n sì ń ru igi bọ̀ láti oko, pé ọ̀lẹ ni àwọn ìyàwó òde òní.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n máa ka ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wádìí nípa ẹrù àti ara ènìyàn. Nígbà tí ọmọ mi sì mẹ́nu kan ẹ̀wù irin, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ìyẹn náà. Ẹ̀yin ìyá ọ̀wọ́n, ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ bá yín pín.

Ẹ̀WÙ TI INÚ ÌTÀN ÀTI TI ÒDE AYÉ

Ní ọdún 1963 ni Iron Man kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìtàn aláwòrán kan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008 ni wọ́n sọ ọ́ di sinimá ńlá tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn lásán ni, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti wo akàn rí. Akàn kò ní egungun nínú bíi tiwa. Ìkarahun rẹ̀ ni egungun rẹ̀, ìta ara ni ó sì gbé e sí. Ẹ̀wù agbára jẹ́ ìkarahun bẹ́ẹ̀: egungun irin tí ènìyàn gbé wọ̀ sí òde ara, tí ẹ̀rọ sì ń bá a gbé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti ṣe é ní tòótọ́. Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan, wọ́n sì pè é ní Hardiman. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lè gbé ẹrù tí ó tó nǹkan bíi kílò 680. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 680. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n rí mú ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti mú kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ńṣe ni ó ń jà ràn-ìn láìgbọ́ràn, wọn kò sì dán an wò rárá pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1971, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ yìí ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Èkíní ni oúnjẹ ẹ̀rọ. Ara ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kò ń lo agbára ju ti gílóòbù iná wáàtì 100 lọ. Bí ó bá jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹlẹ́ja ní ọ̀sán, ó lè ṣiṣẹ́ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n bátìrì ni ẹ̀wù agbára ń jẹ, bátìrì wúwo, ẹ̀wù náà ni yóò sì ru oúnjẹ ara rẹ̀ kí ó tó ru ẹrù ẹlòmíràn. Èkejì ni oríkèé. Eékún wa kò ń yí bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Bí ó ti ń ká ni ó ń yọ̀ lórí ara rẹ̀. Bí oríkèé irin kò bá bá oríkèé ara mu, irin yóò máa ha ara, yóò sì máa lọ́ egungun. Ẹ̀kẹta ni ooru. Bí iṣan ara bá lo agbára ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀nà kan ni ó ń di iṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta yòókù ń di ooru tí ó ní láti bá òógùn jáde. Bí a bá wá bo ara pa ńkọ́? Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní ọdún 2014, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn ní láti wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò tí kò gba afẹ́fẹ́ láyè. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lè wà nínú irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ kí ó tó jáde wá mí. Ẹ̀wù rírọ̀ ni ìyẹn, kò sí irin kankan nínú rẹ̀.

OHUN TÍ IRIN KÒ LÈ BÒ

Kí n tó kúrò lórí ẹ̀wù ti inú sinimá, ọ̀rọ̀ kan wà fún wa nítorí àwọn ọmọ wa. Akọni inú sinimá ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ilẹ̀ ń lanu, òun a sì dìde gbọn eruku dànù. Àwọn ọmọ wa gbà á gbọ́. Ọmọ tèmi náà ti fi aṣọ ìnura so ọrùn, ó sì fẹ́ fò láti orí ògiri kànga.

Mo bi í pé: bí a bá kó ẹyin sínú agolo tí ó le, tí a sì ju agolo náà láti orí àjà, agolo lè má fọ́, ṣùgbọ́n kí ni a ó bá nínú rẹ̀? Ó dá mi lóhùn pé, "Ọmilẹ́ẹ̀tì." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ ti wà nínú agbárí. Bí ara bá ń sáré, tí ó sì dúró lójijì, ọpọlọ kò tíì mọ̀ pé ìrìn ti parí. Yóò lọ kọlu agbárí láti inú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, dókítà ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kan, John Paul Stapp, jẹ́ kí wọ́n dè òun mọ́ àga lórí ọkọ̀ kan tí ń sáré lórí irin. Ọkọ̀ náà sáré ju 1,000 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ó sì dúró láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Ohunkóhun kò kọlù ú. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún ẹyinjú rẹ̀, kò sì ríran fún ìgbà díẹ̀. Ìdúró òjijì nìkan ni ó ṣe èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé kò sí ẹ̀wù tí ó lè gba ọpọlọ lọ́wọ́ ìdúró òjijì.

ÌṢIRÒ Ẹ̀YÌN

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì omi. Kí ni ó dé tí ẹrù kan náà fi ń rọrùn fún ènìyàn lónìí, tí ó sì ń ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ lọ́la?

Ẹ mú áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ, nígbà tí kò bá gbóná. Ẹ kọ́kọ́ gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà, ẹ na apá tààrà síwájú, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ka oókan dé ọgbọ̀n, apá yóò ti máa gbọ̀n. Áyọ́ọ̀nù kò sanra sí i. Jíjìnnà tí ó jìnnà sí ara ni ó sọ ọ́ di ẹrù wúwo.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti rí náà nìyẹn. Àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn tò lé ara wọn bí ìgbà tí a to ife lé ife, tìmùtìmù rírọ̀ sì wà láàárín wọn. Iṣan tí ó ń fa ẹ̀yìn nàró kò jìnnà sí àárín àwọn egungun náà ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 5 lọ. Bí mo bá na ọwọ́ gbé ẹrù kílò 20 tí ó wà ní sẹ̀ńtímítà 50 sí ẹ̀yìn mi, ọ̀nà ti ẹrù fi ìlọ́po 10 gùn ju ọ̀nà ti iṣan lọ. Nítorí náà, iṣan yóò fi agbára kílò 200 fà kí ẹrù kílò 20 tó lè gbéra. Ìwúwo àyà àti orí tí ó tẹ̀ síwájú kò tíì wọ inú ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ẹrù náà mọ́ra títí ó fi wà ní sẹ̀ńtímítà 25, iṣan yóò fa kílò 100. Ẹrù kan náà ni, obìnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdajì ìnira ti kúrò.

Lítà omi kan wọn kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí mo na ọwọ́ sí láti òkèèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà béèrè nǹkan bíi kílò 250 lọ́wọ́ iṣan ẹ̀yìn mi. Àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wádìí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ìlànà kan, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1991. Nínú rẹ̀, kílò 23 ni wọ́n fi ṣe òpin ohun tí òṣìṣẹ́ yẹ kí ó máa gbé, bí ohun gbogbo bá dára: kí ẹrù súnmọ́ ara, kí ó wà ní ìwọ̀n gíga tí ó bá ọwọ́ mu, kí ènìyàn má yí ara, kí ibi ìdìmú sì dára. Bí ẹrù bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó sì jìnnà tó sẹ̀ńtímítà 50, òpin náà kò tó kílò 10 mọ́. Ẹ fi èyí wé kẹ́ẹ̀gì wa, tàbí àpò ìrẹsì kílò 50.

Bí ẹni tí ara rẹ̀ pé bá rí báyìí, kí ni ti ìyá ọlọ́mọ tuntun? Nígbà oyún, ara ń pèsè oje kan tí ó ń mú kí àwọn okùn tí ó so oríkèé ìbàdí rọ̀, kí ọmọ lè rí ọ̀nà gbà. Okùn wọ̀nyí kì í le padà lọ́jọ́ tí a bí ọmọ. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Iṣan ikùn, tí ó jẹ́ àmùrè tí Ọlọ́run fi di ẹ̀yìn wa ní àdìmọ́nú, ti nà, ó sì ti lè pín sí méjì ní àárín. Iṣan ìsàlẹ̀ tí ó gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró ti rẹ̀. Bí ẹrù wúwo bá tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn lè bàjẹ́, ilé ọmọ pàápàá sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá.

Ẹ̀WÙ TÍ Ó ṢIṢẸ́

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé asán ni gbogbo iṣẹ́ àwọn onímọ̀ náà. Lẹ́yìn Hardiman, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dẹ́kun láti máa wá ẹ̀wù tí yóò sọ ènìyàn di òmìrán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí yóò ran ara lọ́wọ́ níbi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ní ilẹ̀ Japan, Yoshiyuki Sankai ti Yunifásítì Tsukuba ṣe ẹ̀wù HAL, tí ó ń gbọ́ àmì iná tín-ín-rín tí ọpọlọ ń fi ránṣẹ́ sí iṣan, láti orí awọ ara, tí yóò sì bá ẹsẹ̀ aláìlera gbéra. Amit Goffer ti ilẹ̀ Israel, ẹni tí ìjàǹbá ọdún 1997 sọ di arọ, ṣe ReWalk, èyí tí ó ń mú kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ dìde rìn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ní ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé kí àwọn ènìyàn máa lò ó nínú ilé wọn. Iye rẹ̀ nígbà náà ju 60,000 dọ́là lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ní ọjọ́ tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Brazil, ọ̀dọ́mọkùnrin arọ kan, Juliano Pinto, wọ ẹ̀wù tí Miguel Nicolelis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìrònú ọkàn rẹ̀ ni ó fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù lọ kò ní bátìrì rárá. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Steven Collins, Bruce Wiggin àti Gregory Sawicki, ṣe ohun èlò fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń wọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Sípírìngì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń bá okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ṣiṣẹ́: bí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, sípírìngì yóò nà, bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra, yóò dá agbára náà padà. Ó dín agbára tí ènìyàn fi ń rìn kù ní nǹkan bí ọ̀nà 7 nínú 100. Nígbà tí wọ́n sì fi sípírìngì tí ó le jù sí i, èrè náà pòórá, nítorí pé ara wá ń fi iṣan mìíràn bá ohun èlò náà jà. Ìrànlọ́wọ́ tí ó bá ju bí ó ti yẹ lọ di ẹrù.

ÀWỌN ÌYÁ WA ŃKỌ́?

Nígbà tí mo dé ibí yìí, mo rántí àwọn tí wọ́n ní àwọn ìyá wa ru igi láìráhùn. Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti rí i. Ní ọdún 1986, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kenya. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí bí wọ́n ti ń rìn pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù kò bá ju ìdá márùn-ún ìwọ̀n ara obìnrin náà lọ, kò ná an ní agbára kankan ju ti ìrìn lásán lọ! Ní ọdún 1995, ìwádìí mìíràn sọ ìdí rẹ̀: ní gbogbo ìṣísẹ̀ ni ara ń gòkè díẹ̀ tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, bí ohun tí a so rọ̀ tí ó ń fì, àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ bí a ti ń fi agbára sísọ̀kalẹ̀ gbé ìṣísẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ sípírìngì ọdún 2015 ni ẹsẹ̀ wọn ti ń ṣe láti ìgbà èwe.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì jó. Ìdá márùn-ún ìwọ̀n obìnrin tí ó wọn kílò 60 jẹ́ kílò 12. Kẹ́ẹ̀gì wa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ohunkóhun tí ó bá sì lé lórí kílò 12 yẹn, ara ni yóò san owó rẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn sì tún ìwádìí náà ṣe láàárín àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ púpọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ti ń ru ẹrù láti ọdún pípẹ́ ni ó ní ẹ̀bùn yìí, àti pé ọrùn ń dun wọ́n. Àwọn ìyá wa ru ẹrù láìráhùn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò dùn wọ́n.

Mo wá ronú sí ìyá ìyá mi, tí wọ́n ń ru agbọ̀n obì lọ tà ní Ṣágámù. Òṣùká wọn kì í kúrò lọ́wọ́ wọn: aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ká bìrí, tí ó ń jẹ́ kí ẹrù jókòó dáadáa kí ó má baà tẹ ojú kan ṣoṣo lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀. N kò rí i rí kí wọ́n dá gbé agbọ̀n náà láti ilẹ̀ lọ sórí. Wọn a dúró, wọn a wo ọ̀tún, wọn a wo òsì, wọn a sì pe ẹni tí ó bá ń kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí." Kò sí ẹni tí í kọ̀. Bí wọ́n bá dé ọjà, wọn a tún sọ pé, "Ẹ bá mi sọ ẹrù." Láti ilẹ̀ dé orí, láti orí dé ilẹ̀, ènìyàn méjì ni. Bí ẹrù bá ti dé orí, ó wà lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tààrà. Kò sí sẹ̀ńtímítà 50 kankan níbẹ̀ mọ́. Gbígbé láti ilẹ̀, níbi tí ewu pọ̀ sí jù lọ, ni àwọn àgbà kò jẹ́ kí ẹnìkan dá ṣe.

Àwa ni a ti wọ inú ilé oníyàrá, tí a ti ilẹ̀kùn, tí a sì ń dá gbé kẹ́ẹ̀gì. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ẹni tí ó ní kí obìnrin ṣe bí àwọn ìyá wa ti ṣe, kí ó wá gbé ẹrù rù ú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé e ru àwọn ìyá wa.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ ILÉ

A kò ní dúró de ẹ̀wù 60,000 dọ́là. Ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní owó lórí.

Èkíní, ẹ pín ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, sàn fún ẹ̀yìn ju lítà 20 ní ọwọ́ kan lọ. Èyí ni mo ń gbé ní ọjọ́ tí ọmọ mi ń wò mí, kì í sì í ṣe kíkún.

Èkejì, ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan pẹpẹ tí ó le, tí ó ga dé itan, sí ibi tí ẹ ti ń bu omi àti sí ilé ìdáná. Lórí rẹ̀ ni kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kà kí ẹ tó bu omi sí i.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ní láti gbé nǹkan nílẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ ká eékún, ẹ fa ẹrù mọ́ra kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, ẹ má ṣe fi ìbàdí yí.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí ó bá ní táyà, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ọmọlanke kékeré fún ilé mélòó kan ní àdúgbò kì í ṣe ìnáwó tí ó ga jù bí a bá jọ dá a.

Ẹ̀karùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má ṣe gbé ohun tí ó wúwo ju ọmọ yín lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ má ṣe pọn ọmọ kí ẹ tún tẹ̀ gbé omi. Bí ẹ bá sì fẹ́ pọn ọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gbé e sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, bí ìtọ̀ bá ń jáde láìròtẹ́lẹ̀, tàbí bí ó bá ń ṣe yín bí ẹni pé ohun kan ń bọ̀ wálẹ̀ ní ojú ara, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ìtọ́jú sì wà fún un.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí, a kì í kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́. Ìlú wa ni Tai Solarin dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní ọdún 1956, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ro oko, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. N kò sọ pé kí obìnrin ká ọwọ́ gbera. Ohun tí mo ń sọ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àti pé baálé ilé tí ó bá jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú láti gbé omi ka orí pẹpẹ ti ra ẹ̀wù agbára fún aya rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ọmọ mi pé kò pọn dandan kí ó dúró di ìgbà tí yóò dàgbà. Bàbá rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá sórí bárò. Èmi mú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ọmọ náà sì di ọwọ́ rẹ̀ lápá kejì mú, a jọ ń gbé e bọ̀ nílé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ó wúwo fún yín?" Mo ní kò wúwo. Òtítọ́ ni mo sọ fún un.